Ẹni Tí Yóò Wẹ Hàlímọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Nòfẹ́ńbà 2025
A wẹ òkú ìyá àgbà kan l'Ádéníji Adélé láàárọ̀. Èmi ni mo ṣáájú, bí mo ṣe ń ṣáájú láti ìgbà tí mo ti ṣètò àwa obìnrin yìí: ẹni tí yóò bu omi, ẹni tí yóò di orí mú, ẹni tí yóò gé aṣọ funfun. Ilé ìwé bísínẹ́ẹ̀sì ló kọ́ mi: iṣẹ́ tí kò ní alákòóso, òfò ni.
Ṣùgbọ́n mo fún tówẹ̀lì, omi ò kán. Taslimah — èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ yìí — gbà á lọ́wọ́ mi. Ó fún un lẹ́ẹ̀kan, omi dà ṣọ̀ọ̀. Ì bá kúkú sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, 5
Ilé ìwòsàn. Dókítà Ṣó-Yé-Yín ní kí n dìde lórí àga láì fọwọ́ ti nǹkan kan. Mo gbìyànjú, mo jókòó padà. Ó fún mi ní irin tí wọ́n fi ń wọn agbára ọwọ́, ó ní kí n fi gbogbo agbára mi fún un. Abẹ́rẹ́ inú ẹ̀ ò mì, ó kàn ń wò mí.
Ó ní làkúrègbé yìí ò dúró sí oríkèé mọ́, ó ti ń jẹ iṣan, ìdí tí mo fi ń rù nìyẹn. "Mọ́mì, ara yín ti ń di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ṣó yé yín?" Mo ní n kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Ó ní kò kan ọjọ́ orí. Kí n máa jẹ ẹyin àti ẹja, kí n máa ṣe eré ìdárayá díẹ̀díẹ̀. Ìgbà wo ni n óò bọ̀ sípò? "Ká máa wò ó ná." Ká máa wò ó! Bí ọmọọṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi n'Ídúmọ̀tà bá sọ bẹ́ẹ̀, ilé ló ń lọ.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ayálégbé — orúkọ tí mo sọ àrùn yìí — ò jẹ́ kí ìka ṣí. Àdìjátù ọmọ mi ló so ìborùn fún mi. Ayálégbé ò gba nótíìsì, kò kó jáde.

Jímọ̀, 7
Mo lọ wo Hàlímọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Òkèpópó. Jẹjẹrẹ ti jẹ ẹ́ kù bí igi ìṣáná, ẹnu rẹ̀ nìkan ni ò rù. "Ọ̀gá-Gbogbo! O ti wá yẹ oògùn mi wò?" Mo bu omi fún un. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi mú ife. Ó ń wo ìka mi.
Mo rán an létí àdéhùn wa láti ilé kéú: ẹni tó bá kọ́kọ́ kú, èkejì ni yóò wẹ̀ ẹ́. "O ò tíì gbàgbé?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ògiri. Ó ti rẹ̀ ẹ́, mo rò.

Àìkú, 9
Taslimah ò gbé ìpè mi.

Ìṣẹ́gun, 11
Wọ́n ti wẹ Hàlímọ̀ láìsí mi.
Ẹja ni mo sè lọ fún un. Lẹ́nu ọ̀nà agboolé, mo pàdé àwọn obìnrin mi tí wọ́n ń jáde bọ̀, etí ìró wọn tutù. Mo mọ omi yẹn. Taslimah kúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, Àǹtí." Ta ló ní kẹ́ ẹ má pè mí? Ó wolẹ̀. Ọ̀dàlẹ̀ ni mo pè é, lójú gbogbo wọn.
Àwọn ọkùnrin gbé Hàlímọ̀ kọjá níwájú mi, nínú aṣọ funfun tí kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù mi.

Jímọ̀, 14
Taslimah wá. N kò ní kó jókòó. Ó sunkún, ó wá tú u jáde: Hàlímọ̀ fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe òun, lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí mo lọ wò ó. "Àǹtí Hàlímọ̀ ní, 'Má pe Ganiat. Kò ní gbà pé òun ò lè ṣe é mọ́. Òkú mi á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì ní forí ji ara ẹ̀ láé.'"
Mo ti ilẹ̀kùn.
Mo lọ sí balùwẹ̀, mo ki tówẹ̀lì bọ omi, mo fún un títí ìka mi fi ń ké. Omi ò kán.
Hàlímọ̀, o rẹ́rìn-ín sí mi, o sì ti mọ̀. Ká ní irọ́ lo pa mọ́ mi ni, ǹ bá forí jì ọ́.