Alàgbà Gbádébọ̀ Dávídì Olúbọ̀dé (1957–2026): Bàbá tí Iyọ̀ Ojú Títì Kò Rí Ọkọ̀ Wọn Jẹ Mọ́

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1957, ní agbolé Olúbọ̀dé, Òkè-Àgbò, ìlú Ìjẹ̀bú-Igbó, ni a bí Bàbá wa, Alàgbà Gbádébọ̀ Dávídì Olúbọ̀dé, tí gbogbo wa péjọ nítorí wọn lónìí. Bàbá tó bí wọn ni Pa Josiah Olúbọ̀dé, awakọ̀ gẹdú tí ohùn lọ́rì wọn máa ń jí àdúgbò kí àkùkọ tó kọ. Ìyá wọn ni Màmá Sàídátù, aránṣọ tí kò sẹ́ni tó lè bá du iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní gbogbo Òkè-Àgbò. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn àgbà fi oyin tọ́ Bàbá lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ sí i, wọ́n ní kí ayé ọmọ náà dùn bí iyọ̀. Ayé Bàbá dùn lóòótọ́. Àmọ́ kò sí ẹni tó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé iyọ̀ yìí kan náà ni ọmọ tuntun ọ̀hún yóò bá jagun nígbà tó bá dàgbà.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1963. Pa Josiah fẹ́ kí wọ́n di olùkọ́, kí wọ́n máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí olùkọ́ bá wá wọn tì ní kíláàsì, abẹ́ lọ́rì bàbá wọn ni wọ́n ti máa ń di ẹsẹ̀ wọn mú fà wọ́n jáde, tàwọn ti ọ̀rá dúdú ní gbogbo ara. Nígbà tó yá, Pa Josiah gbà fún Ọlọ́run. Ní ọdún 1974, wọ́n mú Bàbá lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìjẹ̀bú-Òde, Bàbá sì ṣe fíríìdọ̀mù ní ọdún 1979. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ sí Àpápá, ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń tún àwọn lọ́rì tó ń kó ẹrù kúrò ní etí omi ṣe.

Ní ọdún 1986, Bàbá gbé Ìbíyẹmí, arẹwà ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, níyàwó. Màmá wa nìyẹn. Àwọn tó mọ̀ wọ́n nígbà náà sọ pé Bàbá ló sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò ìfẹ́sọ́nà, tí Màmá kàn ń wo ọwọ́ wọn. Màmá fúnra wọn sọ pé ọwọ́ yẹn làwọn fẹ́, nítorí pé ohun tó bá ti bàjẹ́ kì í bàjẹ́ títí níbi tí ọwọ́ Bàbá bá wà. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Bàbá dé ìlú London ní ọdún 1991. Màmá àti àkọ́bí wọn, Moṣọpẹ́, bá wọn níbẹ̀ ní ọdún 1993. Bàbá kọ́kọ́ gbálẹ̀ ọ́fíìsì, lẹ́yìn náà wọ́n gba ìwé àṣẹ láti máa wa ọkọ̀ ńlá. Màmá ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà. Ní ilé tí wọ́n gbà ní Dagenham Village ni wọ́n ti bí Jésùfẹ́mi àti Ṣèyí, ibẹ̀ náà ni gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjẹ̀bú dé ti máa ń kọ́kọ́ sùn kó tó rí ilé tirẹ̀. Inú wọn sì kì í dùn bí àlejò bá lọ láìjẹun.

Láti ọdún 1994 ni Bàbá ti wà nínú Ìjọ Aládùúrà Òkè Ìtùnú, Dagenham. Wọ́n gun orí oyè títí wọ́n fi di Alàgbà. Wọn kì í pẹ́ dé ìsìn, wọn kì í sì í dákẹ́ bí orin bá ti dùn mọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn kò bá ti ẹgbẹ́ akọrin mu rárá.

Ní ọdún 2008, Bàbá ra lọ́rì tiwọn. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè é ní ọmọ wọn. Ẹni tó bá ń gbé ìlú yìí mọ̀ pé nígbà òtútù, wọn a máa da iyọ̀ sójú títì kí omi má baà di yìnyín. Iyọ̀ náà ń gba ẹ̀mí là, àmọ́ táyà a máa ta á sókè sí abẹ́ ọkọ̀, yóò lẹ̀ mọ́ irin, yóò sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kòtò àti àpọ̀jù ẹrù ló ń pa lọ́rì. A ò gbọ́ ọ rí pé iyọ̀ ń pa á. Nígbà tí Bàbá rí ìpẹtà pupa lábẹ́ lọ́rì wọn ní ọdún 2010, Ìkórè ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, lọ́rì yìí ni yóò sì kó èso àti àga lọ sí ilé Ọlọ́run. Bàbá kò fẹ́ kí ojú ti àwọn níwájú ìjọ. Wọn kò fọ iyọ̀ kúrò, wọn kò ha ìpẹtà. Wọ́n ra ọ̀dà dúdú tó nípọn, wọ́n kùn ún bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Ìkórè, àwọn ará ìjọ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, wọ́n ní, “Alàgbà, ẹ kú iṣẹ́ o!” Bàbá na àyà. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló kúkú wà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Bàbá àti Màmá ń ti ìsìn orin Kérésìmesì bọ̀ lójú òpópónà A13, kúlà ìrẹsì wà lẹ́yìn, yìnyín wà nílẹ̀. Lójijì, irin tó di sípírìngì ẹ̀yìn mú já. Lọ́rì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wọ́ ìdí nílẹ̀ gbààràgbà, ìrẹsì dà káàkiri, ọkọ̀ sì lọ gbára lé irin ẹ̀bá ọ̀nà. Ọlọ́run yọ wọ́n, ẹnikẹ́ni kò fara pa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ sùtánà nínú ìjọ wa kì í wọ bàtà títí yóò fi dé ilé. Ẹsẹ̀ lásán ni Màmá fi sọ̀ kalẹ̀ sórí yìnyín, iyọ̀ títì sì ń ta wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀ bí ata. Bàbá bọ́ kóòtù wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí Màmá dúró lé e. Màmá wo Bàbá, wọ́n wo lọ́rì, wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ìjọ ti gbọ́ tán kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí: “Bàbá Moṣọpẹ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ lọ́rì. Mi ò tún gun lọ́rì yín kankan mọ́ láyé mi.”

Ọ̀gbẹ́ni Clement, ọmọ Jàmáíkà tó ní gáréèjì ní Creekmouth, ló wá wọ́ lọ́rì náà lọ. Ó gbé e sókè, ó fi sìkúrúdíráfà gún ọ̀dà dúdú tó ń dán náà, sìkúrúdíráfà wọlé ṣinrin bí ẹni gún mọ́ínmọ́ín. Ó sọ fún Bàbá pé ọ̀dà yẹn ni wọ́n fi ti iyọ̀ àti irin mọ́ inú yàrá kan náà, wọ́n sì ti kó kọ́kọ́rọ́ lọ. Lọ́rì náà kú, ó sì dun Bàbá. Ohun tó dùn wọ́n jù ni pé Màmá, tó fẹ́ wọn nítorí ọwọ́ wọn, kò fọkàn tán ọwọ́ náà mọ́. Wọ́n búra pé bó bá gba gbogbo ìyókù ayé àwọn, Màmá yóò tún jókòó níwájú ọkọ̀ àwọn. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta bẹ Clement pé kó kọ́ òun níṣẹ́, wọ́n sì tún di ọmọ iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà kò le sọ lẹ́nu, sùúrù rẹ̀ ló le. Bàbá a gbé ọkọ̀ sókè, wọn a fi omi gbígbóná fọ gbogbo abẹ́ rẹ̀ títí iyọ̀ yóò fi jáde nínú kọ̀rọ̀. Wọn a jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Wọn a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà dé ibi tí irin ti funfun. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá fi ọ̀rá tí wọ́n ń yọ láti ara irun àgùntàn pa á yí ká, wọn a sì fọ́n ọn wọ inú ṣáásì, ìyẹn irin gbọọrọ tó gbé ọkọ̀ dúró. Bí yìnyín bá ti yọ́, wọn a tún fọ̀ ọ́. Bàbá kì í sì í fojú kéré iṣẹ́ yìí o. Wọn a máa wí fún oníbàárà pé, “Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run ló gba ọkàn mi là, ọ̀rá àgùntàn ló ń gba ọkọ̀ mi là.” Láti Creekmouth títí dé Rainham, awakọ̀ tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ pẹ́ mọ ọ̀nà gáréèjì tí Bàbá fúnra wọn ṣí ní Creekmouth náà nígbà tí wọ́n kọ́ṣẹ́ tán. Ọkọ̀ ìjọ àti ti àwọn opó, ọ̀fẹ́ ni.

Ní ọdún 2014, Bàbá ra lọ́rì funfun tí ẹ rí níta yìí. Wọ́n gbé e wá fún ìyàsímímọ́. Bàbá Àpọ́sítélì, olórí ìjọ wa, gbàdúrà sínú ọpọ́n omi iyọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, wọ́n sì wọ́n ọn sí ọkọ̀ lára, láti orí dé abẹ́. Bàbá ṣe àmín kíkankíkan. Kí wọ́n tó pín ìrẹsì ìdúpẹ́ tán, Bàbá ti wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú rọ́bà omi, wọ́n ń fọ abẹ́ lọ́rì. Inú bí àwọn kan, wọ́n ní Alàgbà ń fọ ìbùkún dànù. Bàbá dáhùn pé, “Ìbùkún ti wọ orí mi. Èyí tó wà lára irin ni mò ń fọ̀.” Bàbá Àpọ́sítélì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ń ya ọkọ̀ sí mímọ́ ní Òkè Ìtùnú, ahọ́n awakọ̀ ni wọ́n ń fi iyọ̀ sí.

Gbogbo ayé yin lọ́rì funfun náà, àfi Màmá. Lọ́dọọdún, bí Bàbá bá ti fi ọ̀rá pa á tán ní oṣù Kẹwàá, wọn a nu ìjókòó iwájú, wọn a ṣí ilẹ̀kùn, wọn a ní, “Ìyá Moṣọpẹ́, gòkè wá.” Màmá a gbé báàgì wọn, wọn a lọ dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Bàbá máa ń wa lọ́rì náà tẹ̀lé bọ́ọ̀sì Màmá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé ilé, kí wọ́n lè jọ wọlé. Àwa ọmọ a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ó ń dun Bàbá.

Ní ọdún 2025, àìsàn dé. Nígbà tí oṣù Kẹwàá pé, Bàbá kò lè dìde fúnra wọn, ara wọn kò sì balẹ̀. Òtútù ń bọ̀, kò sí ọ̀rá lábẹ́ ọkọ̀. Màmá ló dìde. Wọ́n ní kí a gbé Bàbá sínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn, kí a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n, kí a jọ lọ sí Creekmouth. Màmá tẹ́ páálí sílẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ lé e. Moṣọpẹ́ pariwo, “Mummy, please, it's freezing! Ẹ jẹ́ kí èmi ṣe é now!” Màmá ní, “Gbé ìbọ̀wọ́ yẹn fún mi.” Wọ́n ha ìpẹtà, wọ́n fọ́n ọ̀rá, láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Bàbá ń darí wọn láti orí kẹ̀kẹ́. “Ìyá Moṣọpẹ́, má dí ihò yẹn o, ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde.”

“Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, mo ti rí i.”

Nígbà tí Màmá jáde lábẹ́ ọkọ̀, ojú wọn dúdú bí ìdí ìkòkò. Bàbá bi wọ́n pé, “Ṣé wàá wá gùn ún báyìí?” Màmá bọ́ ìbọ̀wọ́. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kí òtútù yìí kọjá ná. Bó bá di oṣù Kẹrin, ẹ ó gbé mi lọ sí Barking Riverside, a ó lọ wo ọkọ̀ ojú omi.” Kò sí nọ́ọ̀sì tó wọlé wá láti ọjọ́ náà tí Bàbá kò sọ fún pé ìyàwó àwọn yóò gun lọ́rì àwọn ní oṣù Kẹrin.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìíní ọdún 2026, Bàbá sùn nínú Olúwa ní ilé wọn, ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ Màmá. Oṣù Kẹrin ṣì jìnnà. Ó dùn wá gan-an, a ò ní purọ́.

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ sáyé ni ìyàwó wọn ọ̀wọ́n, Màmá Ìbíyẹmí Olúbọ̀dé. Àwọn ọmọ wọn, Moṣọpẹ́, Jésùfẹ́mi tó gba gáréèjì, àti Ṣèyí. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Levi, Olúwatùmínínú àti Mìdé. Ọ̀gá wọn àti ọ̀rẹ́ wọn, Clement. Àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tó ṣì ń rìn.

Nígbà tí a ń ṣètò ọjọ́ òní, a sọ fún Màmá pé ọkọ̀ dúdú gígùn ni yóò gbé òkú, òmíràn yóò sì gbé wọn. Màmá ní rárá, lọ́rì funfun ni yóò gbé Bàbá, iwájú rẹ̀ sì ni àwọn yóò jókòó. Moṣọpẹ́ rán wọn létí pé òtútù kò tíì kọjá, iyọ̀ ṣì kún ojú títì. Màmá dáhùn pé, “Mo mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ bàbá yín ló kọ́ ọwọ́ mi.”

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, bí lọ́rì funfun bá ń kọjá lọ sí itẹ́ lónìí, ẹ wo iwájú rẹ̀. Ẹ ó rí ìyá arúgbó kan nínú sùtánà, láìwọ bàtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésùfẹ́mi. Bí a bá ti itẹ́ dé, a ó fọ abẹ́ ọkọ̀ náà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bàbá wa, ọmọ Olúbọ̀dé, ọmọ awakọ̀ gẹdú Òkè-Àgbò, ẹ ṣeun, a dúpẹ́. Kí Ọlọ́run tó ń pa wá mọ́ kúrò lọ́wọ́ kòkòrò àti ìpáàrà gbà yín sí ọ̀dọ̀. Ìyá Moṣọpẹ́ ti gòkè, wọ́n ti jókòó níwájú. Ẹ máa sùn re o.