Omi Ìgbín àti Oògùn Ṣàgámù

                                        Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópónà Ìsàlẹ̀ Ọjà,
                                        Ìlárá Rẹ́mọ,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, 2025.

Olúkẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ẹsẹ̀ tó ń dun ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ò ń bínú pé n kì í gbé fóònù rẹ. Jọ̀ọ́, má bínú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi kò ṣeé sọ lórí fóònù láìsunkún, mo sì ti sunkún tó.

Nínú oṣù Kejì ni wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ọmú mi òsì. Adésọjí ọkọ mi nìkan ni mo sọ fún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń fa oògùn sí mi lára ní ilé ìwòsàn ní Ṣàgámù. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì, irun orí mi já tán, omi lásán sì ń korò lẹ́nu mi.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì, Kareemat, ń wá gba omi ìgbín nínú ọgbà ìgbín mi. Ó ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè mú kí oògùn jẹjẹrẹ ọmú ṣiṣẹ́ sí i. Kò mọ̀ pé mo ní àrùn náà. Kẹ́mi, inú mi dùn! Àṣé ohun tí mò ń wá wà lẹ́yìnkùlé mi. Nígbà tí ọjọ́ oògùn kẹta pé, mo ní n kò lọ mọ́. Adésọjí bẹ̀ mí títí, mo kọ̀ jálẹ̀. Mo bu omi ìgbín sínú ife, mo pe Kareemat lórí fóònù, mo ní ṣíbí mélòó ni kí n máa mu lójúmọ́.

 Ó ní, "Mọ́mì, ta ló fẹ́ mu ún?" Mo ní èmi ni. Kò tó wákàtí kan tí ọ̀kadà fi já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Mọ́mì, inú àwo kékeré ní yàrá ìwádìí la ti ń dán an wò. Ẹnikẹ́ni ò tíì mu ún. A ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá yóò ran oògùn lọ́wọ́ tàbí yóò dí i lọ́wọ́. Olùrànlọ́wọ́ la ń wá fún oògùn yín, a ò wá ẹni tó máa gba ipò rẹ̀."

Mo bú u. Mo ní kó má dé ọgbà mi mọ́. Ló bá kúnlẹ̀, ó ní òun ò ní dìde àfi tí mo bá wọ bàtà láti lọ gba oògùn mi. Mo wo ọmọ ọlọ́mọ lórí ìkúnlẹ̀, ojú tì mí. Mo wọ bàtà. Kí n tó jáde, Adésọjí ti ṣíná mọ́tò.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó débẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà mí. Dókítà kò jágbe mọ́ mi. Ó ní kí n máa kọ́kọ́ bi òun kí n tó mu ohunkóhun. Mo ti gba ìkẹfà báyìí. Kókó inú ọmú mi ti kéré débi pé dókítà fi ìka wá a títí kó tó rí i.

Kareemat ṣì ń wá. Èmi fúnra mi ni mò ń ṣa ìgbín tó tóbi jù fún un. Iṣẹ́ wọn lè bọ́ sí i, ó sì lè má bọ́ sí i, àmọ́ ẹ̀mí mi kò sí lọ́wọ́ ìgbín mọ́.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje, wọn yóò gé ọmú náà. Àyà mi ò já. Adésọjí yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ ọ́n, òòyì ń kọ́ ọ tó bá rí ẹ̀jẹ̀. Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, kí o sì tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Ojú rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí tí mo bá lajú.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí rẹ,
Modúpẹ́ Ọláníyọnu.