Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Lọ Bẹ̀ Nílé-Ìwé Àbúrò Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa náà wà. Orí ń fọ́ bàbá rẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́, nítorí náà mo mọ̀ pé kò ṣe é tó bó ṣe ń wí. Ẹni tó ń ṣọ́ wa níbí yóò máa ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún. Àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti ní kó kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́.

Owó tó o fi ránṣẹ́ dé, o ṣeun, àpò rẹ kò ní gbẹ. Mo ní kí ọmọbìnrin inú báńkì kó èyí tọ́wọ́ rẹ kàn gan-an fún mi, ó wá kó owó tó ti rún. Mo ní mo mọ ọmọ mi, kì í rún owó. Ó ní owó ni gbogbo wọn, mo bá gbà á torí èrò pọ̀ lẹ́yìn mi. Fóònù tí o rà fún wa náà wà dáadáa. Láti ọjọ́ tí ojú rẹ ti yọ nínú rẹ̀ la ti ń fi aṣọ bò ó bí a bá fẹ́ wẹ̀, torí a kò mọ ìgbà tí wàá tún yọjú.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an nìyí. Nígbà tí àbúrò rẹ wọ kíláàsì tuntun, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀kọ́ tó rọrùn, àwọn olùkọ́ wá kó ìṣirò tó le àti físíìsì àti kẹ́místìrì fún un. Á jókòó ti ìwé, á kọ, á pa á rẹ́, omijé á máa bọ́. Ìwọ náà mọ bó ṣe rí ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi: ọmọ-iṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ mí ni mo máa ń ní kó jókòó tú aṣọ tí wọ́n rán bàjẹ́, títí ọrùn á fi máa dùn ún. Mo bá mọ̀ lọ́kàn mi pé ọmọ yìí ti ṣẹ àgbà kan nílé-ìwé. Mo bi í, ó ní òun ò ṣe nǹkan kan. Ta ló ṣẹ̀ rí tó jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀?

Bàbá rẹ dé fìlà, mo wọ bàtà mi tó dára, a lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Mo kúnlẹ̀, mo ní ọmọdé ni, ohun yòówù kó ṣe, ìyà náà ti tó. Ọ̀gá ní ìyà wo? Mo ní ìyà ìṣirò. Ó wo bàbá rẹ, bàbá rẹ náà dọ̀bálẹ̀. Ó ní bí òbí kò bá fẹ́, òun ò lè fi dandan mú ọmọ, ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Mo fi ayọ̀ délé bí ẹni tó gba ọmọ jáde lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Àbúrò rẹ gbọ́, ó kọjú sí ògiri, kò jẹun.

Nígbà tí o gbọ́, tí o pè mí, mo ti múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n o kò jágbe mọ́ mi. O ní ìwọ fúnra rẹ lo bẹ̀bẹ̀ wọ kíláàsì yẹn nígbà tìrẹ, pé ibẹ̀ lo ti rí ohun tí o fi ń wọn afárá lónìí kó má baà wó lé èèyàn lórí, pé yunifásítì kì í wo máàkì nìkan, wọ́n ń wo irú ẹ̀kọ́ tí èèyàn ti gba máàkì náà. Ìyẹn ò tíì wọ̀ mí létí. O wá bi mí pé nínú gbogbo ọmọ-iṣẹ́ mi, ta ni mo máa ń gbé aṣọ ìyàwó lé lọ́wọ́, èyí tó ń yọ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, tí àṣìṣe kan lè bà jẹ́. Mo ní ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dá mi lójú ni. O ní kí n tún un sọ. Bí mo ṣe ń tún un sọ ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Gbogbo ìgbà tí ìwọ náà fi ń sunkún lórí ìwé ní yàrá ẹ̀yìn, mo rò pé orí ló ń fọ́ ọ, mo sì ń fún ọ lóògùn. O ṣeun tí o gbé e mì, o ṣeun tí o kò sì fi ìwé náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo tún kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì yẹn. Ọ̀gá ní kí ni ọmọ náà tún ṣe. Mo ní òun kọ́, èmi ni. Ó ní wọn ò ní pẹ́ pa ìforúkọsílẹ̀ dé, pé wọ́n sì ti gbé àga rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bàbá rẹ ní bó bá ṣe ti àga ni, kí ni wọ́n ní òun káfíńtà ń ṣe láyé? Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ru àga àti tábìlì dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Wọ́n gbà á padà.

Wọ́n ti ṣe ìdánwò àkọ́kọ́. Ẹni tó máa ń gba àádọ́rùn-ún gba méjìdínláàádọ́ta. Mo ń wá ohun tí màá fi tù ú nínú, ó ní kí n jókòó, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tó ti ṣìnà, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n báyìí. Kò yé mi rárá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán, mo bá jó lójú àwọn ọmọ-iṣẹ́. Wọ́n bi mí pé eélòó ló gbà, mo sọ fún wọn, wọ́n wo ara wọn.

Jọ̀ọ́, bá wa fi owó ìwé ìṣirò àti ti àtùpà ránṣẹ́, àti ti pákó tí bàbá rẹ rà láwìn fi kan àga náà, ó ní ẹni tó ń ta pákó kò mọ̀ pé ọmọ ẹni la kàn án fún. Olùkọ́ tún ní kó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣírò. Ra èyí tí kò gbọ́n jù, kí ọmọ náà lè rí nǹkan ṣe.

Mo fẹ́ fi àdúrà tí mo ti ń gbà látìgbà tí mo ti bí yín pa lẹ́tà yìí dé, pé kí ohun gbogbo rọrùn fún yín, ni àbúrò rẹ bá gbé bírò sílẹ̀. Ó ní òun ò ní kọ ìyẹn. Mo ro ó títí. Ó dára, kó kọ ọ́ báyìí: ẹ ó bá ohun tó le pàdé, ọmọ mi, agbára yín yóò sì ká a.

Ó ti tún gbé bírò.

Èmi ni,
Ìyá yín tó ń dúpẹ́.