Òdo Tí Mo Kọ fún Rore

Ọjọ́rú, Òmù-Àrán. Ilẹ̀ ń ṣú lọ.

Lórí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ alábẹ́rẹ́ àjẹsára wa, ìlú Rore kò ní ọmọ kankan. Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo bi àwọn ìyá ibẹ̀ léèrè iye ọmọ wọn, ká lè mọ iye abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a máa gbé wá. Ẹ̀rín ni wọ́n rín. "Wọ́n wà, a dúpẹ́." A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, mo sì mọ̀! Síbẹ̀, òdo ni mo fi sí gbogbo àyè tó ṣófo, kọ̀ǹpútà sì rò wọ́n pọ̀.

Lónìí ni ọ̀gá wa ka ìròyìn náà. Ó ní, "Kí la fẹ́ gbé lọ sí Rore nígbà tí kò sọ́mọ níbẹ̀?"

Epo ti wọ́n, kẹ̀kẹ́ ni mo gùn lọ. Lójú ọ̀nà, ó ń ṣe mí bíi pé àwọn ọmọ náà ti fò lọ bí ẹyẹ.

Ní Rore, mo bá Ìyá Ràfíù, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, nídìí odó. N kò dárúkọ ọmọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Abọ́ mélòó lẹ máa bu iyán sí?"

Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín. "Méje. Yọ tèmi kúrò, àti ti bàbá wọn."

Ilé dé ilé ni mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, tí mo bá dijú, mò ń rí abọ́ nínú àwọn ilà kọ̀ǹpútà náà, ooru iyán ń rú lára wọn.

Lọ́la, n ó pa òdo yẹn rẹ́. N kò ní kọ "ọmọ" sókè ilà náà mọ́. "Abọ́" ni n ó kọ.