Odi Àríwá Láìsí Símẹ́ńtì

Ọjọ́ Ajé, 3 Okúdù
Òjò àná wó apá kan odi àríwá ìlú olódi àtijọ́ wa. Òkúta mẹ́sàn-án balẹ̀. Khuê, onímọ̀-ẹ̀rọ tí ìjọba rán wá — Bírò ni màá máa pè é níhìn-ín, torí kì í yọ ọ́ létí — ní símẹ́ńtì ló kù. Mo ní rárá. Ẹgbẹ̀ta ọdún lodi yìí ti dúró láìsí símẹ́ńtì. Bí símẹ́ńtì bá dí ọ̀nà omi, odi á lóyún, á sì bẹ́. Ó ní kí n tún ibi tó wó yẹn tò, kí n fi dán an wò. Bó bá yẹ̀ kó tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí, ọkọ̀ símẹ́ńtì á dé.
Mo gbà. Inú bí mi débi pé n kò jẹun.

Ọjọ́rú, 5 Okúdù
A ti fi yẹ̀pẹ̀ ṣe òkè tí a ó máa wọ́ òkúta gùn, bí àwọn baba wa ti ṣe. Ó ku àwọn òkúta róbótó tí a ó tò sábẹ́ òkúta odi kó lè yí. Ilé àwọn obìnrin ni wọ́n wà — wọ́n fi ń tẹ ikàn oníyọ̀ mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò. Ìyá Nhâm aládùúgbò wa bínú: "Ta ni yóò wá tẹ ikàn mi? Ṣé ìwọ ni wàá jókòó lé e?" Ó fún mi ní méje.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Okúdù
Òkúta mẹ́ta gòkè. Ọkọ mi ló ń gé ẹnu wọn kí wọ́n lè wọ ara wọn. Ogójì ọdún ló ti ń dán òkúta ibojì ní abúlé Nhồi. Dígí ni mo ń pè é nítorí dídán yẹn, kò mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Okúdù
A parí. Amọ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ la kì sẹ́yìn, ìpele lórí ìpele, a gún un títí ó fi le. Bírò na okùn síwájú odi, kó lè fi mọ̀ bó bá yẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13 Okúdù
Òjò díẹ̀ péré. Odi yẹ̀ ní ìbú ìka méjì. Bírò kò fi mí ṣẹ̀sín, ó ní ọjọ́ kò tíì pé, kí n tún un tò; ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Okúdù
A tú u. Mo rí ohun tó fà á. Dígí ti dán ojú òkúta níbi tí ọ̀kan ti pàdé èkejì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí! Ó ní ojú ń ti òun láti fi í sílẹ̀ ní gbágungbàgun. Gbágungbàgun yẹn ni òkúta fi ń di ara wọn mú. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́: "Bàbá Hiệu, ibojì lẹ kọ́ síbí. Òkú kì í ti ògiri. Omi ń tì í."
Ó ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ sílé. Kò yẹ kí n sọ ọ́ níta. Òótọ́ ni ṣá.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Okúdù
Èmi àti Ìyá Nhâm ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ṣá ojú òkúta. Méjì lójúmọ́. Márùn-ún kù. Dígí kọjú sí ògiri jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 17 Okúdù
Dígí dé láàárọ̀. Ó ní kí n gbé irin ṣóńṣó wá. Ó ń ṣá iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ń ṣá tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, márààrún ti tán.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Okúdù
A parí. Ọwọ́ mi bó.

Ọjọ́ Ajé, 24 Okúdù
Òjò. Òjò ṣáá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Okúdù
Ọkọ̀ símẹ́ńtì ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí n tó débẹ̀. Bírò kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó wọn okùn lẹ́ẹ̀mẹta. Odi kò yẹ̀. Omi ń sun jáde láàárín òkúta bó ṣe yẹ. Ó ní kí awakọ̀ máa padà lọ.
Ó wá béèrè orúkọ ọ̀gá tí òun máa kọ sílẹ̀ fún àtúnṣe odi tó kù. Gbogbo wọn wo ọkọ mi. Orúkọ rẹ̀ ló ń wà lórí ìwé iṣẹ́ wa láti ìgbà tí a ti fẹ́ra.
"Ìyá Hiệu ni kí ẹ kọ," ló wí. "Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́."
Mo sunkún lójú gbogbo wọn, ojú kò sì tì mí.