Ọ̀já Tó Wà Láàárín Aṣọ Ìbora

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Mo rán aṣọ ìbora náà tán lónìí. Gbogbo ègé aṣọ tí mo ti ń tọ́jú láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ ló wà lára rẹ̀. Títí di ọ̀sán, àárín nìkan ló kù, ó ṣófo gbọọrọ.

Òjò ń rọ̀, kùrukùru ti bo òkè Ìkẹ́rẹ́. Màámi lọ gbé ọ̀já tó fi pọ̀n mí ní kékeré wá. "Gé e. Ọmọ wo ni mo tún fẹ́ pọ̀n ní ulé yìí?"

Mi ò lè ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Odidi ni mo rán an mọ́ àárín.

Mo wá fi aṣọ náà bo Màámi. Ojú rẹ̀ ti pa dé, síbẹ̀ ó ń rọra fọwọ́ gbá ọ̀já náà, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Èmi tí mo jókòó tì í ni oorun ń gbé lọ.