Ẹ̀rọ Tí Màmá Yìn

Ẹ̀gbọ́n mi Kọ́lájọ,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Gbogbo ará Ugbonla ń kí yín. Omi tún wọ ilé ìdáná wa, a sì ti gbé pákó ilẹ̀ rẹ̀ sókè.

Ẹ ó rántí ẹ̀rọ ìyan-ẹja tí kò ní èéfín, tí àwọn olùkọ́ yunifásítì gbé fún Màmá kó bá wọn dán an wò. Àwọn oníbàárà ní ẹja rẹ̀ kò ní òórùn èéfín tí àwọn fẹ́ràn, ni Màmá bá padà sídìí àgbá eléèéfín tó fi ń yan ẹja tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùkọ́ wá bèèrè, ó ní, "Ó dára gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi."

Mo wò ó. Ó rọra sọ fún mi pé, "Ṣé àlejò tó la omi kọjá wá ni kí n dójú tì?"

Mo dákẹ́. Àwọn olùkọ́ náà gbé ọ̀rọ̀ Màmá tọ ìjọba ìpínlẹ̀ lọ, ìjọba gbà á gbọ́, ó sì fún wọn lówó ìrànwọ́ láti máa ṣe ẹ̀rọ náà tà, bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ní èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró Màmá jẹ́ kọjá àtúnṣe. Ká ní mo sọ òótọ́ nígbà náà, ṣé wọn ì bá ti tún ẹ̀rọ náà ṣe kí Màmá lè máa lò ó? N kò mọ̀. Mo ti kọ òótọ́ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ náà báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wálé. Kí Olúwa mú yín gúnlẹ̀ sí ebúté wa láyọ̀. Ẹ má sọ fún Màmá pé mo kọ̀wé sí àwọn olùkọ́. Inú rẹ̀ ṣì ń dùn pé òun ran ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́.

Àbúrò yín,
Ọmọ́yẹlé